Mólúè àti Àwọn Tí Ó Bá A Ṣiṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí àgbà wẹ́dà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bá wa sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Kirikiri. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Akọ̀wé ní kí n má ṣe ju ogún ìṣẹ́jú lọ. N ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ènìyàn wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa wo aago lójú rẹ̀.

Gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ àbá tí ó wà níwájú ẹ̀ka. Mólúè kan wà ní ẹ̀yìn àgbàlá àwọn mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà Kirikiri níhìn-ín. Kò ní táyà mọ́, koríko sì ti ga dé ojú fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáásí rẹ̀ pé, ara rẹ̀ pé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ra àlòkù irin ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní kí á dá owó rà á, kí á tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà kan dáhùn pé owó tí ó wà l'ápò ẹgbẹ́ kò tó fún ìsìnkú àti ìwòsàn, ká tó wá sọ pé a ń ra páànù tí ó ti dípẹtà. Àwọn méjèèjì ni ó rojọ́ tí ó dára. Èmi wá láti sọ irú ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń dìbò lé lórí.

Ẹ̀yin ọmọdé, BRT ni ẹ bá láyé. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Máìlì 12 lọ sí CMS. Ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀ gùn ní ìtàn. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti sáré ní ìgboro Èkó láti 1902 títí di 1933. Àwọn bàbá wa ni ó rí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì J. N. Zarpas, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Gíríìkì, gba ìgboro. Ọdún 1958 ni Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó rà á, tí wọ́n sọ ọ́ di LMTS. Ọkọ̀ tí ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ni, àwọn tí ń wà á sì ń gba owó oṣù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn sọ́kàn, n ó padà sí i. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ìjọba kò kárí. Ẹni tí ó ń gbé Ajégúnlẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ wà ní wọ́ọ̀fù Àpápá kí ilẹ̀ tó mọ́, bọ̀lẹ́kájà ni ó ń wọ̀.

Bọ̀lẹ́kájà jẹ́ Bedford tí káfíńtà fi pákó kọ́ ara fún. UAC tilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá níhìn-ín tí wọ́n ti ń to Bedford pọ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn ni ó wà nínú rẹ̀, èrò á kọjú sí ara wọn, orúnkún á kan orúnkún, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Bí ẹnì kan bá tẹ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀, wọ́n ti pe ara wọn sílẹ̀ ìjà. Orúkọ rẹ̀ kò fẹ́ àlàyé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rántí. Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ akérò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà l'ápá òsì wá di ọkọ̀ tí ń da èrò sílẹ̀ sí àárín títì. Ọmọ iṣẹ́ ni mo jẹ́ nígbà náà. A kò fi bẹ́ẹ̀ sùn: a ń fi páànù dí ojú ilẹ̀kùn kan, a ń gé òmíràn l'ápá kejì. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jó irin.

Lẹ́yìn èyí ni owó epo dé, owó Udoji náà tẹ̀ lé e ní 1975. Gbogbo ènìyàn fẹ́ wá sí Èkó. Ọdún 1975 náà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ńtì dí ẹnu odò Èkó pa, tí ìjọba fi sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá 1977. Èbúté tuntun ń fẹ́ òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì ń fẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e. Bọ̀lẹ́kájà onípákó kò lè gbé gbogbo wọn mọ́. Bí mólúè ṣe gba ìlú nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mólúè kì í ṣe bọ́ọ̀sì láti ilé rẹ̀ wá. Ọkọ̀ ẹrù ni. Mercedes 911 ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nọ́ńbà náà sì ní ìtumọ̀. 9 yẹn ni tọ́ọ̀nù 9, ìyẹn ni pé ọkọ̀ àti ohun gbogbo tí ó bá rù kò gbọdọ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. 11 yẹn ni agbára ẹṣin 110. Àwọn ará Jámánì tí ó ṣe é ro àpò ọkà àti bíríkì. Àwa l'Ékòó ni a rò ó pé ènìyàn yóò wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà rẹ̀ ń mu dísẹ̀lì, ó le, ó sì rọrùn láti tú. Mẹkáníìkì tí kò kàwé á tú u sílẹ̀ lórí tapólì ní ẹ̀gbẹ́ títì, á sì tò ó padà kí alẹ́ tó lẹ́.

Olówó ọkọ̀ á gbé 911 wá, nígbà mìíràn èyí tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ko iyanrìn. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni kí á yọ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí á gé ẹ̀yìn ibi tí dẹ̀rẹ́bà ń jókòó sí, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè di yàrá kan. A ó to irin sí orí ṣáásí ní ìbú, a ó jó o mọ́ ọn, a ó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ ni ó le jù. Irin gbọọrọ ni a ń tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó kì í bọ àárín òpó méjì tí a rì mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́ta á fà á títí yóò fi tẹ̀ bí ọrun. Kò sí ìwé àwòrán kankan. Èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ni a fi ń wọn ìyókù, ojú ọ̀gá sì ni ìwọ̀n. Bí ìhà kan bá yọ ju èkejì lọ, páànù kò ní jókòó, ọ̀gá á sì ní kí ẹ tú u.

Páànù ni ó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ òrùlé. Ilẹ̀kùn méjì l'ápá ọ̀tún, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan l'ẹ́yìn. Fèrèsé kì í sábà ní gíláàsì. Ìjókòó mẹ́ta-mẹ́ta l'ápá kan, méjì-méjì l'ápá kejì, gbogbo rẹ̀ lé ní ogójì. A ó wá ta irin gígùn sí abẹ́ òrùlé fún àwọn tí yóò dúró, nítorí pé àwọn ni èrè olówó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dà ni ìkẹyìn: yẹ́lò, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì. Akọ̀wé-ara-ọkọ̀ á wá kọ ohun tí olówó bá fẹ́, orúkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀, àdúrà rẹ̀, tàbí òkò ọ̀rọ̀ sí ọ̀tá rẹ̀. Tiwa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Mi ò rí mólúè méjì rí tí ó jọra bí ìbejì. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe jó irin igun òrùlé, kí ó sọ ọwọ́ ọ̀gá tí ọkọ̀ náà ti jáde.

Ẹ bá mi ṣírò wàyí. Bí èrò 100 bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìyẹn kò sì ṣọ̀wọ́n, tí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kílò 60 láìka ẹrù ọwọ́ rẹ̀, tọ́ọ̀nù 6 nìyẹn. Ẹ wá fi irin àti páànù tí a kọ́ lé e kún un, pẹ̀lú ṣáásí, ẹ́ńjìnnì àti táyà. Ó ti ju 9 lọ dáadáa. Bíréèkì tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù 9 ni ó sì ń gbìyànjú láti dá gbogbo rẹ̀ dúró ní ìsọ̀kalẹ̀ bíríìjì. Nígbà tí wọ́n bá ní dẹ̀rẹ́bà mólúè ya wèrè, ìṣirò yìí ni mo máa ń rántí.

Ìwà wèrè náà wà o, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wá ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Dẹ̀rẹ́bà mólúè kò ní owó oṣù. Kò ní ìsinmi, kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Iye kan wà tí yóò fi lé olówó ọkọ̀ lọ́wọ́ l'ójoojúmọ́, òjò rọ̀ tàbí òjò kò rọ̀. Nínú ohun tí ó bá kù ni yóò ti ra dísẹ̀lì, tí yóò ti fún àwọn agbèrò ní tiwọn ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò ti fún àwọn aláṣọ òfin ní tiwọn, tí yóò ti lẹ táyà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni òun àti kọ̀ńdọ́ yóò pín. Ìdajì ọjọ́ àkọ́kọ́, ti olówó ọkọ̀ ni. Ìdajì kejì ni ti ọmọ rẹ̀. Ẹni tí a bá fi sínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ á sáré, kò sí bí kò ṣe ní sáré. Ní 1978 ni ìjọba tún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò sí ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ 42, ọdún náà ni NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá tí wọn yóò bá jókòó lórí owó oṣù? Olówó ọkọ̀ kan ní mólúè kan, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyá tí ń ta aṣọ.

Kọ̀ńdọ́ ni ó yẹ kí ẹnì kan kọ ìwé lé lórí. Ẹsẹ̀ kan l'órí ìgbásẹ̀, ẹsẹ̀ kejì l'ófuurufú, owó láàárín ìka. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá páànù, ìlù yẹn sì ni dẹ̀rẹ́bà fi ń mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun máa lọ, nítorí pé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti lè fọ́ láti ọdún mẹ́ta. Bí èrò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á ké “Ó wà o!” Bí ṣéńjì kò bá sí, kọ̀ńdọ́ á so ẹni méjì tí kò mọra rí pọ̀ mọ́ owó kan, á ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Mo mọ tọkọtaya kan tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, ẹ má bi mí ní orúkọ wọn. Nínú ọkọ̀ kan náà ni oníwàásù ti ń wàásù, tí oníṣègùn ti ń ta oògùn aràn tí ń wo ẹ̀yìn dídùn náà, tí jáwójáwó ti ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Láti Máìlì 2 dé Oṣòdì, ènìyàn lè gbọ́ ìwàásù méjì kí ó sì pàdánù owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó yẹ kí mólúè ti kógbá sílé tipẹ́. Jakande fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin gbé Èkó. Ní 1985 ìjọba ológun fagi lé e. Ọdún 1986 ni ètò SAP dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú, owó tí a fi ń ra ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀ kò wá lè ra ìdajì gíá. Láti ìgbà náà ni mólúè ti bẹ̀rẹ̀ sí rí bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe bá a: abulẹ̀ lórí abulẹ̀, páànù tí ó ṣẹ́ léti tí ń ya aṣọ ènìyàn, rédíétọ̀ tí ń jò tí kọ̀ńdọ́ sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi tẹ̀ lé. Ọwọ́ wa ni ó mú un rìn. A ń lọ sí Owódé-Onírin, a ń lọ sí Ládípọ̀, a ń yọ ẹ̀yà ara òkú ọkọ̀ fi wo alààyè sàn. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò bọ́ọ̀sì ńlá kalẹ̀ ní 1988. Bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, mólúè sin wọ́n.

Ó sì pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba, nítorí mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ mólúè bí ẹni ń rántí ìgbéyàwó. Bíréèkì já, táyà fọ́, ọkọ̀ gbiná. Pósí tí ń rìn ni àwọn kan ń pè é. Ẹlòmíràn nínú yín sọ ẹbí nù nínú rẹ̀. Bí a bá tọ́jú ọkọ̀ yìí, kí á tọ́jú ìyẹn mọ́ ọn.

Ní báyìí kò sí níbẹ̀ mọ́. BRT, òfin ìrìnnà ti 2012, bọ́ọ̀sì tuntun tí ìjọba ìpínlẹ̀ kó jáde ní 2019, wọ́n lé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Dánfó ṣì wà, kòròpe wà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù sì ti ń gbé èrò láti Máìlì 2 yìí lọ sí Marina. Mo ti wọ̀ ọ́. Ó tutù, ó mọ́, kò sí ẹni tí ó wàásù fún mi.

Ẹnì kan bi mí pé níbo láyé ni wọ́n ti ń tọ́jú bọ́ọ̀sì àlòkù. Mo dáhùn pé ní Amẹ́ríkà. Ní Montgomery, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955, obìnrin aránṣọ kan, Rosa Parks, kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n tì í mọ́lé. E. D. Nixon, aṣáájú nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, wà lára àwọn tí ó lọ gba ìdúró rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà kò wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 381, títí òfin fi yí. Bọ́ọ̀sì náà ńkọ́? 1948 ni wọ́n ṣe é, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí di 1971, tí wọ́n tà á. Ẹni tí ó rà á gbé e sínú pápá, ó ń kó igi àti irinṣẹ́ pamọ́ sínú rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń dípẹtà níbẹ̀. Ní 2001, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Henry Ford rà á ní gbàǹjo ní dọ́là 492,000, wọ́n tún un ṣe, èrò sì ń lọ jókòó nínú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n láàárín bọ́ọ̀sì tí ó jọ ọ́. Máníjà ibùdókọ̀ kan ní Montgomery, Charles Cummings, máa ń gé ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ìwé kan nígbà ìjà náà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìròyìn bí wọ́n ṣe mú Rosa Parks, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 2857, tí í ṣe nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, àti Blake, tí í ṣe orúkọ dẹ̀rẹ́bà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni ó kọ ọ́. Bí kò bá kọ ọ́, wọn ì bá ti yọ́ irin yẹn.

Ta ni ó kọ ti mólúè sílẹ̀? Orúkọ olówó wà lára rẹ̀. Ti wẹ́dà kò sí. Ti dẹ̀rẹ́bà kò sí. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ti lọ, àwọn ọ̀gá mẹ́rin tí ó yí i ká ní Boundary ti lọ. Nínú àwa tí a jọ jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ẹni méjì ni mo lè lọ kí lónìí, ọ̀kan nínú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Àwọn ará rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ní ilé Jaekel, tí wọ́n kó àwòrán àti irinṣẹ́ àtijọ́ wọn sí. Àwa tí a kọ́ mólúè, orí wa ni gbogbo ìwé wa wà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Ẹ ra ọkọ̀ náà bí ẹ bá lè rà á, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ láti inú owó ìsìnkú. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá owó dá a lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ dákun, ẹ má kùn ún. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà tuntun, mo gbọ́. Abẹ́ yẹ́lò yẹn ni ọ̀dà mìíràn wà, abẹ́ ìyẹn ni ibi tí wọ́n ti dí ojú fèrèsé kan, abẹ́ abulẹ̀ ọ̀tún iwájú ni ibi tí ó ti kọlu nǹkan. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá kùn ún, ẹ ti pa á rẹ́.

Bí ìbò bá sì lòdì sí rírà, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n kí á tó jẹ́ kí àwọn onírin gé e, kí Akọ̀wé fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan. Kí á wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí á ka ìhà rẹ̀, kí á kọ nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀, kí a ya àwòrán gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin. Mo lè fi ọwọ́ tọ́ka, ojú mi ṣì ń ríran. Mo ti sọ fún ẹnì kejì mi tí kò ríran dáadáa, ó ní kí á sáà gbé òun dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, òun yóò fi ọwọ́ pa á lára, òun yóò sì sọ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ̀ńdọ́ rí, tàbí tí ẹ ti wà á rí, ó kéré tán mo rí ẹni márùn-ún níbí tí ń fi orí pamọ́, ẹ má tíì lọ sílé lẹ́yìn ìpàdé. Akọ̀wé ti ra ìwé, ó wà lórí tábìlì. Orúkọ yín, ọ̀nà tí ẹ ń ná, àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ síbẹ̀.